Orí Kẹta: Ẹrù Tí Àgbébọ̀ Dì Sínú Ẹyin

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ṣì wà ní ipò rẹ̀, tí Aláàfin, ikú bàbá yèyé, aláṣẹ èkejì òrìṣà, ń pàṣẹ láti ẹ̀bá Odò Ọya títí dé apá etí òkun, kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu kan tí ìjòyè lè sọ tó wúwo tó ẹyin odídẹ. Bí ọ̀ràn ọba bá ti sú ìlú, tí àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì sì ti fi ohùn ṣọ̀kan, igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹ ni Baṣọ̀run ń gbé síwájú rẹ̀, ọba tó bá sì ti rí i mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Mo máa ń ronú sí àṣà yìí nígbà tí mo bá mú ẹyin lọ́wọ́, nítorí pé ẹyin tí ẹnikẹ́ni kò fọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì wo inú rẹ̀, ni wọ́n fi ń sọ pé ọ̀ràn kan ti parí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹyin adìyẹ tí orí yìí dá lé lórí ṣe rí: kí a tó gbé e sábẹ́ àgbébọ̀, kí a tó tò ó sínú ẹ̀rọ ìsàba, púpọ̀ nínú ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ọlẹ̀ inú rẹ̀ ti parí, èèpo ni kò jẹ́ kí ojú wa rí i.

Ewúrẹ́ tó lóyún a máa bọ́ ọmọ inú rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ó bá jẹ èèpo iṣu lónìí, tí ó sì já ewé lọ́la, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni yóò gbé oúnjẹ náà gba ọ̀nà ìwọ́ dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Bí ebi bá pa á lọ́sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ kejì lè dí i. Adìyẹ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Bí abiyamọ ṣe ń di ẹrù fún ọmọ tó ń lọ sí ìrìn àjò ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún, ní ọ̀nà tí kò sí ọjà, tí kò sí kànga, tí kò sì sí ará ilé kan tí a lè yà kí, bẹ́ẹ̀ ni àgbébọ̀ ṣe ń di omi, ọ̀rá, iyọ̀, fítámì, èròjà tí egungun yóò fi le àti èyí tí ìyẹ́ yóò fi hù, gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú èèpo kan ṣoṣo, tí ó sì ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa pátápátá. Ohun tó bá gbàgbé, kò sí ẹni tí yóò bá a gbé e tẹ̀ lé ọmọ náà. Ooru ni àgbébọ̀ tó ń sàba fi ń kún un, ooru àti yíyí ẹyin síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ̀rọ ìsàba náà, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó, ooru, ọ̀rinrin àti yíyí ni gbogbo ohun tó ní. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí ẹni tó bá ń fẹ́ òròmọdìyẹ tó le koko bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè rẹ̀ láti ara ẹyin, kí ó tó kan ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ kí á fọ́ ẹyin kan sínú àwo funfun, kí á wo ẹrù náà. Nínú ẹyin tí ìwọ̀n rẹ̀ tó 60 gíráàmù, funfun rẹ̀ kó nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá, pupa rẹ̀ kó bí ìdá mẹ́ta, èèpo kó ìyókù. Pupa ni àká oúnjẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀rá wà, inú ọ̀rá yìí ni ọlẹ̀ sì ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú agbára tó ń ná. Funfun ni àmù omi, òun náà sì ni ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé, nítorí ó ní èròjà tó ń pa kòkòrò àìfojúrí, ó sì nípọn yí pupa ká bí tìmùtìmù kí ó má baà kan èèpo. Okùn funfun méjì tó lọ́ mọ́ra wọn, tí àwọn alásè kan máa ń yọ sọ nù, ni ó so pupa rọ̀ sí àárín. Lórí pupa yìí, bí ẹ bá tẹjú mọ́ ọn, àmì funfun kékeré kan wà tí kò ju orí ìṣáná lọ. Bí àkùkọ kò bá gun adìyẹ tó yé e, àmì náà yóò ṣù pọ̀ jákujàku. Bí àkùkọ bá ti gùn ún, yóò tẹ́ rẹrẹ bí òrùka, etí rẹ̀ yóò sì mọ́ roboto. Òrùka yìí ni ọlẹ̀. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn tí pupa jábọ́ sínú ọ̀nà ẹyin tí àtọ̀ àkùkọ fi ń pàdé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹyin yóò máa rìn nínú ara adìyẹ fún bí ọjọ́ kan, tí yóò sì lo nǹkan bí ogún wákàtí nínú rẹ̀ níbi tí a ti ń fi èèpo wọ̀ ọ́. Ara adìyẹ gbóná ju tiwa lọ, ó tó 41°C, ọlẹ̀ kò sì dúró de ẹnikẹ́ni nínú ooru yìí. Nígbà tí adìyẹ bá fi máa yé tán, tí yóò máa fi igbe sọ fún gbogbo agboolé pé òun ti yé, sẹ́ẹ̀lì ọmọ náà ti di 40,000 sí 60,000, ọ̀kẹ́ méjì sí ọ̀kẹ́ mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ṣe ń kà á. Ẹni tó bá pe ẹyin tútù ní ohun tí kò tíì bẹ̀rẹ̀, kò mọ̀ pé ó ti rin odidi ọjọ́ kan.

Ó lé ní 2,300 ọdún tí Aristotle, ọlọ́gbọ́n ará Gíríìsì, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ọkàn ọlẹ̀ a máa hàn bí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan nínú funfun ẹyin, tí yóò máa fò tí yóò máa mì bí ohun abẹ̀mí. Àwọn ará Íjíbítì náà, ọmọ Áfíríkà bí àwa, ti ń fi ilé amọ̀ tí wọ́n ń dáná sí pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹyin lẹ́ẹ̀kan náà láti ìgbà láéláé. Kí ìmọ́lẹ̀ iná ẹ̀lẹ́tíríìkì tó dé ni ènìyàn ti ń wá ojú ọ̀nà wọ inú ẹyin.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ ọmọ Ajílété, níbi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ìyá ìyá mi kò mọ̀ọ́kọ, wọn kò mọ̀ọ́kà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń ṣa ẹyin fún àgbébọ̀ tó fẹ́ sàba, ọ̀jọ̀gbọ́n lè jókòó tì wọ́n kí ó sì kọ́gbọ́n. Agbọ̀n ògbólógbòó kan ni wọ́n máa ń lò, tí wọ́n fi koríko gbígbẹ tẹ́, ní igun yàrá tí àmù omi wà, nítorí ibẹ̀ ló tutù jù nínú ilé. Wọ́n a tan fìtílà lálẹ́, wọ́n a fi àtẹ́lẹwọ́ yí ẹyin ká, wọ́n a sì gbé e súnmọ́ ìmọ́lẹ̀, wọ́n a wo ibi tí afẹ́fẹ́ wà ní ìdí rẹ̀ tó gbòòrò, bí ó bá ti tóbi jù, wọ́n á ní, "Èyí ti gbó, ẹ lọ fi dín." Lẹ́yìn náà ni wọn yóò mú ẹyin méjì, wọn yóò kàn wọ́n mọ́ra jẹ́jẹ́ létí ara wọn. Ẹyin tí èèpo rẹ̀ pé a máa dún bí àwo tánńganran. Èyí tó bá ti sán, bí ojú tilẹ̀ kò rí ibi tó ti sán, ohùn rẹ̀ a kú. Wọ́n a fi èédú fa ìlà sára àwọn tí wọ́n bá yàn, kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n bí adìyẹ míràn bá wá yé tuntun kún un. Mo ti kàwé púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹyin láti ìgbà náà, n kò sì tíì rí ibì kan nínú àwọn ìwé náà tó bi iṣẹ́ ọwọ́ wọn ṣubú.

Ohun kan wà tó máa ń yà mí lẹ́nu lára adìyẹ ìbílẹ̀ wọn yẹn. Adìyẹ tó bá yé ẹyin mẹ́wàá tàbí méjìlá kí ó tó sàba, ẹyin rẹ̀ àkọ́kọ́ yóò ti lo bí ọ̀sẹ̀ méjì nílẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ àwọn olóko adìyẹ ni pé ẹyin tó bá ti ju ọ̀sẹ̀ kan lọ nílẹ̀ kò yẹ fún ẹ̀rọ mọ́. Báwo wá ni ẹyin àkọ́kọ́ ṣe ń pa? Ìdí rẹ̀ ni pé ní gbogbo ìgbà tí adìyẹ náà bá wá yé ẹyin tuntun, yóò jókòó lé àwọn ti àtẹ̀yìnwá fún ìwọ̀nba àkókò, ooru ara rẹ̀ yóò jí ọlẹ̀ wọn díẹ̀, yóò tún dìde, wọn yóò tún sùn. Ooru díẹ̀díẹ̀ yìí ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tún ara wọn ṣe. Láìpẹ́ yìí ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó ń fi ẹ̀rọ pa ẹyin ní òkè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀: bí ẹyin yóò bá pẹ́ nílẹ̀, wọ́n á gbé e sínú ooru fún wákàtí díẹ̀, wọ́n á tún gbé e padà sí ibi tútù. Adìyẹ ti ń ṣe é kí a tó bí wọn.

Èèpo ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé báyìí, nítorí òun ni ẹnubodè. Ohun tó wà lára rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ìkarahun ìgbín tàbí òkúta Ewékorò tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì, kì í sì í nípọn ju ìdá mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú mẹ́wàá mìlímítà kan lọ. Síbẹ̀ ihò tín-ín-tìn-ìn-tín tó wà lára rẹ̀ tó bí 10,000. Inú àwọn ihò yìí ni afẹ́fẹ́ tí ọlẹ̀ yóò mí ti ń wọlé, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ àmísíta rẹ̀ ti ń jáde, ibẹ̀ náà ni omi ti ń fẹ́ lọ. Omi gbọ́dọ̀ fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kó má ṣe é ní àṣejù. Ẹyin tó bá wọ̀n 60 gíráàmù lọ́jọ́ tí a tò ó, ó yẹ kó ti pàdánù bí 7 gíráàmù nígbà tí yóò fi pé ọjọ́ méjìdínlógún, kí yàrá afẹ́fẹ́ ìdí rẹ̀ lè fẹ̀ tó èyí tí ọmọ yóò ti ẹnu bọ̀ láti mí èémí àkọ́kọ́. Bí èèpo bá fẹ́lẹ́ jù, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí ètè ènìyàn ń sán ní Ògbómọ̀ṣọ́, omi yóò fẹ́ lọ jù, awọ inú ẹyin yóò gbẹ mọ́ ọmọ lára, kò sì ní í lè yí orí rẹ̀ láti já èèpo. Bí èèpo bá nípọn jù, tàbí tí ọ̀rinrin òjò Agẹmọ bá pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ, omi kò ní í jáde tó, ọmọ yóò wú, yóò sì mu omi kú ní ẹnu ọ̀nà ayé.

Àwọn àgbà ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Òógùn gan-an kọ́ ni, nítorí pé adìyẹ kò ní ihò òógùn lára. Ṣùgbọ́n ìyà tí òwe náà ń tọ́ka sí wà níbẹ̀ lóòótọ́. Nínú ooru Èrèlé àti Ẹrẹ́nà, tí páànù òrùlé ń ta ṣáṣá, ẹ ó rí àgbébọ̀ tó la ẹnu, tó na ìyẹ́ sílẹ̀, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mímí yẹn ni ó fi ń tu ara rẹ̀ lára. Àmọ́ bó ṣe ń mí bẹ́ẹ̀, ó ń lé afẹ́fẹ́ àmísíta, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní carbon dioxide, kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti ara afẹ́fẹ́ yìí kan náà ni ara rẹ̀ ti ń rí ìdajì ohun èlò tó fi ń mọ èèpo ẹyin. Oúnjẹ rẹ̀ tún dín kù nítorí ooru. Ibi tí ẹyin eléèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti ń wá nìyẹn. Ẹni tó bá rí i lè máa bá ẹ̀rọ jà nígbà tí ẹyin kò pa, nígbà tó jẹ́ pé òrùlé ilé adìyẹ, àìsí omi tútù àti àìsí igi òjìji ni ọ̀tá. À á kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ wí.

Èèpo yìí kan náà tún ń ṣe iṣẹ́ kejì tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún èròjà kálísíọ́ọ̀mù tí egungun òròmọdìyẹ fi ń le, láti ara èèpo ló ti ń fà á jẹ díẹ̀díẹ̀. Ilé tó ń gbé ló ń jẹ. Bí ó bá fi máa tó àkókò àtijáde, èèpo náà ti rọ̀ díẹ̀, egungun rẹ̀ sì ti le díẹ̀, àwọn méjèèjì á sì pàdé ní ọjọ́ kan náà. Òun ni ìyà èèpo fẹ́lẹ́ kò fi mọ sí omi nìkan.

Ní ti oúnjẹ ìyá, ọ̀rọ̀ náà gùn. Adìyẹ tó ń jẹ káàkiri ẹ̀yìnkùlé, tó ń ta ilẹ̀ rí ikán, tó ń lé tata, tó ń já ewé tẹ̀tẹ̀, a máa rí fítámì tó pọ̀ jẹ láìjẹ́ pé olówó rẹ̀ mọ̀. Bí a bá wá tì í mọ́lé tán, tí a sì ń da àgbàdo nìkan fún un, yóò ṣì máa yé, ojú kò sì ní í mọ̀ pé ẹrù kò pé. Ọlẹ̀ ni yóò mọ̀. Bí fítámì A bá ṣaláìtó, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kò ní í fìdí múlẹ̀, ọmọ yóò kú ní kùtùkùtù. Bí ó bá jẹ́ fítámì B2 ni, yóò dàgbà dé àárín ọ̀nà, yóò ráre, ìyẹ́ rẹ̀ yóò ká kòkò sínú awọ bíi kókó okùn, yóò sì kú láàárín ọjọ́ kẹsàn-án sí ìkẹrìnlá tàbí ní ẹnu àtijáde. Àìtó èròjà máńgánísì ló ń sọ ẹnu ọmọ di kọdọrọ bí ẹnu odídẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ní í gùn. Oúnjẹ tí a fi ń bọ́ adìyẹ tó ń yé ẹyin jíjẹ lásán kò tó fún ìyá tí a ń retí ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹyin jíjẹ kò ní kí ẹnikẹ́ni fi òun kọ́ ara.

Ọjọ́ orí ìyá náà ní tirẹ̀. Ẹyin àwọn ọmọge adìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé a máa kéré, pupa rẹ̀ a sì ṣín-ín-ṣín. Ẹyin àwọn ògbólógbòó a máa tóbi, èèpo rẹ̀ a fẹ́lẹ́, funfun rẹ̀ a sì dà bí omi. Òròmọdìyẹ kì í ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwọ̀n ẹyin tó ti jáde lọ, nítorí náà ẹyin kékeré, ọmọ kékeré. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ẹyin adìyẹ ìbílẹ̀ wé ti òyìnbó kó sì kẹ́gàn rẹ̀. Láàárín adìyẹ ìbílẹ̀ tiwa pàápàá, àwọn onímọ̀ pín wọn sí adìyẹ Fúlàní àti adìyẹ Yorùbá, ti Fúlàní tóbi jù, síbẹ̀ olúkúlùkù ìyá di ẹrù tó bá ara ọmọ tirẹ̀ mu.

Mo ní láti sọ bí èmi fúnra mi ṣe kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹyin tó pẹ́ nílẹ̀. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ ìsàba kékeré kan, tí ń gba kíréètì mẹ́ta, oṣù Ẹrẹ́nà ni, ẹyin tí mo rí rà ní ọjọ́ kan kò kún un, ni mo bá ń kó wọn jọ díẹ̀díẹ̀ sẹ́bàá fèrèsé fún ọjọ́ mọ́kànlá. Mo rò pé afẹ́fẹ́ fèrèsé dára fún wọn. N kò mọ̀ pé láti nǹkan bí 21°C sókè ni ọlẹ̀ ti ń jí, pé ooru yàrá mi tó lé ní 30°C lọ́sàn-án kò tó láti mú un dàgbà dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni kò tutù tó láti jẹ́ kó sùn. Bí ọmọdé tí wọ́n ń jí sókè lóru lóru tí wọn kò sì fún lóúnjẹ ni mo ṣe ń fi ìyà jẹ wọ́n. Láti inú ihò èèpo, afẹ́fẹ́ àmísíta tó wà nínú funfun ẹyin ń sá lọ. Funfun tó wà ní nǹkan bí 7.6 lórí òṣùwọ̀n pH lọ́jọ́ tí wọ́n yé e a máa gòkè kọjá 9 láàárín ọjọ́ díẹ̀, tìmùtìmù tó nípọn a sì dà bí omi, pupa a léfòó kan èèpo. Díẹ̀ nínú àyípadà yìí ṣe ọlẹ̀ láǹfààní, àpọ̀jù rẹ̀ ni ikú.

Nínú 90 ẹyin, 38 ló pa. Mo tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò, mo sì fọ́ 52 tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ẹyin tí kò pa kì í parọ́ fún ẹni tó bá ní sùúrù láti wò ó. Mẹ́rìnlá nínú wọn kò ní ọlẹ̀ rárá, àkùkọ kò dé ọ̀dọ̀ ìyá wọn. Mẹ́tàlélógún ní òrùka ẹ̀jẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lórí pupa ẹyin, kò sì sí ohun míràn: ọkàn wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í lù ní ọjọ́ kejì, iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ta bí okùn aláǹtakùn, gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Iṣẹ́ fèrèsé mi nìyẹn. Mẹ́fà kú ní àárín ọ̀nà, mo rí ìyẹ́ tó ká kòkò lára méjì nínú wọn. Mẹ́sàn-án ti pé ní ọmọ, ìyẹ́ lára, èékánná lẹ́sẹ̀. Mẹ́ta nínú mẹ́sàn-án yìí kọ orí sí ṣóńṣó ẹyin, níbi tí kò sí yàrá afẹ́fẹ́, nítorí pé èmi ni mo tò wọ́n lórí kodò. Mo jókòó ti mẹ́ta yẹn pẹ́. Nígbà tí mo tún máa tò, mo gbé ẹyin sí yàrá àmù, mi ò jẹ́ kó ju ọjọ́ mẹ́rin lọ, mo sì yẹ̀ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ìyá àgbà ti ń ṣe. 72 ló pa.

Ohun tí mo rí lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn onímọ̀ ti rí i ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2003, Kokou Tona, ọmọ ilẹ̀ Tógò tó wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Lomé, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Leuven ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ́ọ̀mù, tí Okanlawon Onagbesan, ọmọ Yorùbá, wà lára wọn, tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí ẹyin tó pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n fi hàn pé ẹyin bẹ́ẹ̀ a máa pẹ́ kó tó pa, ọmọ inú rẹ̀ kì í sì í dára tó ti ẹyin tútù. Èyí tó wá dùn mí jù níbẹ̀ ni pé kódà ọmọ tó jáde tó sì dà bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é, ìdàgbàsókè rẹ̀ kò tó ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n tún ṣe òṣùwọ̀n kan tí wọ́n fi ń fún òròmọdìyẹ ní máàkì nínú 100: wọ́n á wo ojú rẹ̀ bóyá ó mọ́, ìyẹ́ rẹ̀ bóyá ó gbẹ, ẹsẹ̀, ìwọ́, àti bí ó ṣe ń dìde bí a bá fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀. Èmi gbà pé ìwọ́ ni kí olùrà kọ́kọ́ wò. Ìwọ́ tí kò pa dé dáadáa ń sọ ìtàn ẹyin tó ti kù sẹ́yìn.

Ìgbàgbọ́ díẹ̀ wà tó yẹ kí á mú kúrò lọ́nà. Pé ẹyin ṣóńṣó ni yóò di àkùkọ, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá ti pinnu akọ tàbí abo kí èèpo tó bò ó. Pé ẹyin pupa dára ju funfun lọ, inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde, àwọ̀ èèpo kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọlẹ̀. Pé kí á fi omi fọ ẹyin tó dọ̀tí kí a tó tò ó, èyí léwu gidi: awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lára ẹyin tútù tó ń dí ihò mọ́ kòkòrò àìfojúrí, omi ń ṣí i kúrò, bí omi náà bá sì tutù, inú ẹyin yóò sún kì, yóò fa ìdọ̀tí wọlé. Ẹyin tó dọ̀tí, kí á má tò ó. Kí adìyẹ ní ìtẹ́ tó mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ló dára jù.

Ní Awé, tó fara kan Ọ̀yọ́ Aláàfin tímọ́tímọ́, ilé-iṣẹ́ Amo Farm Sieberer Hatchery wà, àwọn tó ní adìyẹ Noiler tí ọ̀pọ̀ ìyá ń sìn lẹ́yìnkùlé lónìí. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1990, ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ ẹran ọ̀sìn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ẹrù yìí ṣe jinlẹ̀ tó, ẹ ronú sí òròmọdìyẹ ọlọ́jọ́ kan tí wọ́n kó sínú páálí oníhò, tí wọ́n sì gbé sọ́kọ̀ nírọ̀lẹ́ láti apá ibí lọ sí òkè Ọya. Kò jẹ, kò mu. Ẹ ó gbọ́ ohùn wọn ṣíóṣíó bí ọkọ̀ bá dúró. Ní nǹkan bí ọjọ́ kọkàndínlógún, nígbà tó ṣì wà nínú èèpo, ọmọ kọ̀ọ̀kan ti fa èyí tó kù nínú pupa ẹyin gba ojú ìwọ́ wọ inú ikùn rẹ̀, ìwọ́ sì pa dé lé e. Pupa yìí ni yóò máa jẹ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ọkọ̀ yóò kọjá Ògbómọ̀ṣọ́, yóò kọjá Ìlọrin, ilẹ̀ yóò mọ́ bá a ní Kontagora tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oúnjẹ tí àgbébọ̀ kan dì ní bí oṣù kan sẹ́yìn, tí kò mọ ibi tí yóò gbà, ni ọmọ náà ṣì ń jẹ lójú ọ̀nà.